Ẹja La Tẹ̀ Lé

Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.
Ẹ má wulẹ̀ bi Adájọ́ Agósù, ẹ má bi jándámù
tó fi ṣéènì so ọkọ̀ mọ́ òpó afárá.
Ẹnu èmi ló ti jáde, lọ́jọ́bọ̀ kan tí fáànù kọ̀ tí kò yí,
ní kọ́ọ̀tù Àjàṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà.

Akínfọlárìn dìde. Iyọ̀ ṣì funfun létí ṣòkòtò rẹ̀.
Wọ́n bi í ní Faransé, mo bi í ní Yorùbá:
"Kí lo wá ṣe nínú omi wa?"
Ó wolẹ̀. Ó wò mí, bí ẹni ń wo àbúrò ìyá rẹ̀.
Ó ní, "Ẹja la tẹ̀ lé."

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sétí omi mọ ohun tó sọ:
pé ẹja ló mọ̀nà, pé àwọ̀n kì í ṣáájú,
pé bí ẹja bá yà sọ́wọ́ òsì, atukọ̀ á yà,
bí ọmọ ṣe ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú nínú èrò.
Ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan fà lọ́wọ́ lọ ni.
Mo sọ ọ́ ní Faransé, ó di:
"A lépa ẹja wọ inú omi yín."
Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ró páká-páká.
Ó di ìjẹ́wọ́.

Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè méjì ń jà lórí gbólóhùn mi.
Amòfin kan ti Àbújá wá, ó gbé máàpù tó gùn ju tábìlì lọ,
ó ní ibi tí wọ́n ti mú ọkọ̀, omi Nàìjíríà ni.
Amòfin tiwa tẹ́ máàpù tirẹ̀ lé e lórí.
Ìlà pupa kan, ìlà búlúù kan; wọn kò bára mu,
àárín wọn tó ìka mẹ́ta.
Inú ìka mẹ́ta yẹn ni Akínfọlárìn ti ju àwọ̀n.
Adájọ́ ní, "Ṣé o kò rí ààlà lójú omi ni?"
Ó ní, "Olúwa mi, ìgbì ni mo rí."
Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ìyá mi, ọmọ Àgbádárìgì ni. Ọkọ̀ ọ̀sà ló gbé e wá sílé ọkọ,
òun àti àpótí kan àti ewúrẹ́ méjì.
Kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé.
"Òdìkejì" ló ń pe ilé bàbá rẹ̀, kì í pè é ní ilẹ̀ òkèèrè.
Nígbà tí mo wí fún un pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ apẹja,
ó ní, "Èló ni gbèsè tó jẹ?"
Kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí a fi ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? MÁ FÒYÀ ni wọ́n kọ sí i lára, lọ́dà pupa.
Ó ti wà lábẹ́ afárá láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí.
Òjò kún inú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi igbá bu omi rẹ̀ wẹ̀.
Adìyẹ jándámù yé sórí pákó iwájú.
Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ìwé, kò sí lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́.
Àwọ̀n ni ẹ̀rí kẹrin; wọ́n tì í mọ́ yàrá,
èkúté ti ń bá a ṣẹjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé: ẹjọ́ ń lọ síwájú,
sí ìlú òyìnbó kan tí omi ti ní kọ́ọ̀tù tirẹ̀.
Wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà kọ, kí n búra sí i.
Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.
Ẹja ló ṣáájú. Ẹja ló mú wa lọ. Ẹja la bá lọ.
Èdè Faransé ṣáà ń wá ẹni tó ṣe é kiri.

Akínfọlárìn yà lọ́dọ̀ mi lánàá. Yanrìn ló ń rù báyìí, létí ọ̀sà.
Kò bá mi jà. Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní:
"Ògbufọ̀, bá mi bi wọ́n léèrè.
Apẹ̀rẹ̀ ẹja mọ́kànlá tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà,
ta ló jẹ ẹ́?"

Mi ò tíì túmọ̀ ìyẹn.